Àdán Tó Jáde Lọ́sàn-án Gangan

Inú yàrá tí wọ́n ń kó àgbàdo sí ni wọ́n ti bá òkú Bàbá Ilé. Ó jókòó sórí àpò kan, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pè é wá jẹun. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, ejò kò sì bù ú jẹ. Alẹ́ àná ló jẹun yó, tó bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré, tó ní òun fẹ́ lọ ṣọ́ àgbàdo òun nítorí àwọn olè. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò lórí àpò ni àwọn obìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rí ohun tó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Àdán méje ló wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, kékeré kékeré, gbogbo wọn ti kú, wọ́n ká jọ bí ewé gbígbẹ.

Gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ Ahunagbọ̀n.

Ìyàwó àbúrò Bàbá Ilé ni obìnrin náà. Agbọ̀n ló ń hun tà, orúkọ iṣẹ́ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé ọkọ rẹ̀ pàápàá kì í pè é ní nǹkan mìíràn. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti wọlé náà, kò tíì lóyún rí. Ilé gígùn kan ṣoṣo ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò jọ ń gbé. Bàbá Ilé, ìyàwó rẹ̀ tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyálé, àti ọmọbìnrin wọn mẹ́rin wà lápá kan. Ahunagbọ̀n àti ọkọ rẹ̀ wà lápá kejì. Yàrá àgbàdo wà láàárín. Àwọn ògiri inú ilé náà kò ga kan páànù. Bí ẹnì kan bá sín lápá ìhín, ẹni tó wà lápá ọ̀hún á kí i.

Ọdún kẹta tó débẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í so agbọ̀n kọ́ fún ẹyẹ. Ọkọ rẹ̀ a máa jáde lọ sóko kí ilẹ̀ tó mọ́, á dé nírọ̀lẹ́, á jẹun, á sùn. Ìyálé ní ọmọ mẹ́rin tó ń bá sọ̀rọ̀, tó ń bá jà, tó ń bá rẹ́rìn-ín. Ahunagbọ̀n kò ní ẹni tó ń bá ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Lọ́jọ́ kan, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ méjì wá kọ́lé sínú agbọ̀n kan tí ìdí rẹ̀ ti já, tó fi kọ́ abẹ́ òrùlé. Kò pẹ́ tó fi rí i pé òun ti ń sáré parí iṣẹ́ kí òun lè rí àyè jókòó wò wọ́n.

Látìgbà náà ló ti ń hun ti àwọn ẹyẹ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó hun ẹlẹ́nu tóóró fún àwọn kékeré, ó hun ẹlẹ́nu gbàràgàdà fún àdàbà, ó sì máa ń kọ ẹ̀yìn wọn sí ibi tí òjò ti ń wá. Ó kan pákó ilẹ̀kùn àtijọ́ pọ̀ ní méjì méjì, ó fi àlàfo ìka kan sáàárín wọn, ó kàn wọ́n mọ́ abẹ́ òrùlé yàrá àgbàdo, níbi tí páànù ti ń gbóná dáadáa. Ibẹ̀ ni àwọn àdán wọ̀ sí. Ẹ̀fọn dín kù nínú ilé. Àwọn ọmọ Ìyálé dẹ́kun ibà. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó sọ pé àjẹ́ ló ń wo ọmọ sàn.

* * *

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni obìnrin kan sọ nídìí kànga lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin Bàbá Ilé. Kò parí òwe náà. Àwọn tó kù bá a parí rẹ̀ nínú ọkàn wọn, wọ́n sì gbé omi wọn lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, inú ń ru méjì nínú àwọn ọmọ Ìyálé, wọ́n ń bì, orí ń fọ́ wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, àìsàn náà lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá lọ fúnra rẹ̀, àwọn èèyàn a tún máa béèrè ẹni tó rán an wá. Nígbà tí àgbàdo tuntun yọ, kòkòrò bo oko Ìyálé, ó jẹ ewé rẹ̀ títí ó fi ku igi. Ti Ahunagbọ̀n tó wà lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ àwọn agbọ̀n ẹyẹ, ń dán ní tirẹ̀.

Ìyálé dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn.

"Kí ló dé tí kòkòrò kò mọ̀nà oko tìẹ?"

"Ẹyẹ ló ń ṣà wọ́n jẹ, Ìyálé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, mo lè hun agbọ̀n mẹ́wàá sẹ́bàá oko tiyín. Wọ́n á gbà á kí òjò tó rọ̀ dunlẹ̀."

"Kó o wá so ẹyẹ mọ́ èmi náà lọ́rùn? Èyí tó o so mọ́ ọkọ mi lọ́rùn kò tíì tó ọ?"

"Mi ò so nǹkan kan mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn."

"Àdán méje ni, Ahunagbọ̀n. Èmi ni mo kà wọ́n. Wọ́n wá kú sẹ́bàá ẹsẹ̀ ọkọ mi bí ẹni tó jíṣẹ́ tán. Ṣàlàyé ìyẹn fún mi."

Ahunagbọ̀n kò lè ṣàlàyé rẹ̀. Òun náà ti bi ara rẹ̀ léèrè títí. Àdán tó jẹun yó, tí ológbò kò fọwọ́ kàn, kí ló pa méje nínú wọn lóru kan ṣoṣo? Ó dákẹ́, Ìyálé sì ka ìdákẹ́jẹ́ náà bí ẹni ń ka ìwé.

* * *

Nírọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti wọ̀, Ahunagbọ̀n a gbé àpótí rẹ̀ lọ sábẹ́ igi lẹ́yìnkùlé. Àwọn àdàbà á kọ́kọ́ wọlé, wọ́n á máa ráhùn bí arúgbó tí wọ́n gba ìjókòó rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn àdán á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti inú pákó, lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, wọ́n á tàn ká ojú ọ̀run tó ń ṣú. Òwìwí kan tó ń gbé inú kòkò fífọ́ tó gbé sórí igi á yọrí, á wò ó, á fò lọ láìdún.

Ó máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ awo. Á ní ìka òun ń ro òun lónìí, ọparun tí wọ́n gbé wá ti gbẹ jù, òun rí aṣọ kan tó wu òun. Àwọn nǹkan tí obìnrin ń sọ fún ẹni tó bá wà nítòsí ni. Láti ojú fèrèsé rẹ̀, Ìyálé ń rí ètè tó ń mì, ó ń rí òwìwí, kò sì gbọ́ ohùn kankan. Ohun tó rí yẹn náà ló ń sọ fáwọn èèyàn, kò fi irọ́ kún un.

Jẹ́jẹ́, àbíkẹ́yìn Ìyálé, ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nítorí kì í sáré bí ọmọdé, nìkan ló ń wá jókòó tì í tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ fòfin dè é. Ó ra àgádágodo sí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì ń tì í nígbàkigbà tó bá jáde, ọ̀sán ni o, òru ni o.

Ọkọ Ahunagbọ̀n náà yí padà. Ó dé láti oko lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ní òun ti jẹun lọ́nà. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ti jẹun lọ́nà. Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin náà jókòó síwájú àwo tí kò ṣí.

"Ọ̀nà wo lẹ ti ń jẹun, ọkọ mi? Igi ló wà lọ́nà oko."

"Inú mi ló kún."

"Ṣé ẹ̀yin náà gbà pé èmi ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kì í ṣe èmi."

Ọkùnrin náà yíjú sógiri. "Jẹ́ ká sùn," ló wí. Ṣùgbọ́n kò sùn. Obìnrin náà ń gbọ́ bó ṣe ń mí, ó ń gbọ́ bó ṣe ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, ó sì rò pé ẹ̀rù òun ló ń bà á. Lóru yẹn ló dà bíi pé ibùsùn wọn gùn ju oko lọ.

* * *

Nígbà tó yá, àbúrò Ìyálé dé láti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mójú tó oko. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni, ọkùnrin tó lè tún kẹ̀kẹ́ tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n tí kò lè tún ọ̀rọ̀ ṣe. Lọ́jọ́ kejì tó dé, ó pe ọkọ Ahunagbọ̀n síta, ohùn rẹ̀ kò sì rẹlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kò lè gbé ilé yìí mọ́. Gbogbo ẹbí á jókòó lọ́jọ́ Sátidé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹ bá a sọ ọ́ kó kó ẹrù rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá di pé àwa la bá a kó o, a ò ní kó o létòlétò."

Ahunagbọ̀n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó dúró de ohun tí ọkọ rẹ̀ máa sọ. Ó gbọ́ tó wúkọ́. Ó gbọ́ tó fi ẹsẹ̀ yí òkúta kékeré kan nílẹ̀.

"Mo ti gbọ́," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Agbọ̀n tó ń hun kò tíì pé ìdajì, ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ náà sì ti rán èèyàn wá sọ pé òun kò fẹ́ mọ́. Ó hun ún lọ síbẹ̀, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

* * *

Ọjọ́bọ̀ ni, lọ́sàn-án. Gbogbo ilé ti lọ sóko. Ahunagbọ̀n ń la ọparun lábẹ́ igi nígbà tí nǹkan kan bọ́ lu páànù, tó sì já bọ́ sílẹ̀. Ó gbójú sókè. Àwọn àdán ń jáde láti abẹ́ òrùlé yàrá àgbàdo nínú oòrùn tó mú ganrínganrín. Wọn ò fò bí wọ́n ṣe ń fò. Wọ́n ń forí gbá ògiri, wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, òmíràn já bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń la ẹnu láìdún. Ọdún mẹ́fà ló ti ń wo àwọn àdán yìí, kò rí i rí kí ọ̀kan jáde kí oòrùn tó wọ̀.

Ó wo apá tirẹ̀ nínú ilé. Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń wọlé ń jáde bí ìṣe wọn, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ẹ̀bá yàrá àgbàdo nìkan ni. Ó súnmọ́ ibẹ̀, ó sì gbọ́ òórùn kan, bíi ti ẹja tó ti ń jẹrà, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ẹja kankan níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ló yé e. Ohun tó wà nínú yàrá yìí ló ń lé wọn jáde. Òun ló pa méje ìjọ́sí. Òun ló pa ọkùnrin tó jókòó sórí àpò. Ó sì rántí pé Jẹ́jẹ́ kò tẹ̀ lé wọn lọ sóko láàárọ̀, pé ọ̀fìnkìn ń ṣe é, pé ó ń sùn nínú yàrá kejì, lẹ́yìn ògiri tí kò kan òrùlé.

Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn Ìyálé, àgádágodo ló bá níbẹ̀. Wọ́n ti ọmọ náà mọ́lé nítorí òun.

"Jẹ́jẹ́."

Kò sí ìdáhùn. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó sáré lọ gbé ọmọ odó, ó sì fi gún ilẹ̀kùn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgádágodo títí igi fi là. Ó fi aṣọ di imú, ó wọlé. Ọmọ náà wà lórí ẹní, ètè rẹ̀ ti dúdú, èébì ti gbẹ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó gbé e sí èjìká, ó jáde, orí ń yí òun náà, ó sì ń lọ títí ó fi dé abẹ́ igi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ibẹ̀ ló jókòó sí, ó gbé ọmọ náà sórí itan.

Bí Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ṣe bá wọn nìyẹn, nígbà tó yà bọ̀ wá gbé ọkọ́ tó gbàgbé. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fọ́. Àdán wà nílẹ̀ káàkiri. Obìnrin tí gbogbo ìlú ń pè ní àjẹ́ jókòó sáàárín wọn, ọmọ náà sì rọ̀ jọwọrọ lórí itan rẹ̀.

Kò pariwo. Ó mú igi kan nílẹ̀, ó ń bọ̀.

Ahunagbọ̀n kò sá, kò sì fi ọmọ náà sílẹ̀. "Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín wá," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Tá a bá débẹ̀, ẹ lù mí bó bá ṣe wù yín."

Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró lókè. Jẹ́jẹ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ikọ́ kékeré. Igi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sáré lọ síbi kẹ̀kẹ́.

* * *

Nọ́ọ̀sì gbé rọ́bà afẹ́fẹ́ sí imú ọmọ náà, ó wo ojú rẹ̀, ó gbọ́ òórùn aṣọ rẹ̀, ó sì yíjú sí wọn.

"Kí ló wà nínú yàrá yẹn?"

"Àgbàdo," ni Atúnkẹ̀kẹ́ṣe dáhùn. "Kòkòrò ti ń jẹ ẹ́. Mo rí agolo oògùn kan lórí àjà, hóró mẹ́jọ ló kù nínú ẹ̀. Mo dà á sáàárín àwọn àpò láàárọ̀ yìí, mo ti ilẹ̀kùn."

"Ẹ dà á síbẹ̀, ọmọ sì ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀?"

"Ògiri wà láàárín wọn."

"Ògiri náà kò kan òrùlé," ni Ahunagbọ̀n wí.

Ìyálé àti ọkọ Ahunagbọ̀n ti dé nígbà yẹn, ẹsẹ̀ wọn ṣì kún fún iyẹ̀pẹ̀ oko. Nọ́ọ̀sì sọ fún wọn pé èémí oògùn náà kì í hàn sójú, pé ó máa ń pa kòkòrò, ó máa ń pa eku, ó máa ń pa àdán, bí èèyàn bá sì sùn sínú rẹ̀, á pa òun náà láìfi àpá sílẹ̀. Ó ní díẹ̀ ló kù kí ó pa ọmọ yìí. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìbéèrè kan bí ẹni pé kò tó nǹkan.

"Bàbá ọmọ yìí tó kú níjọ́sí, ṣé ẹnì kan fi oògùn yìí síbẹ̀ nígbà yẹn náà? Ta ló ni agolo yẹn?"

Ìyálé wo àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wo nọ́ọ̀sì. Ahunagbọ̀n wo ọkọ rẹ̀, ó sì rí i pé ilẹ̀ lọkọ rẹ̀ ń wò.

Ó dúró títí Jẹ́jẹ́ fi la ojú, tó fi béèrè omi. Ó dúró títí wọ́n fi padà délé, tí ọkọ rẹ̀ fi jókòó sí etí ibùsùn láìbọ́ bàtà.

"Ọjọ́ wo lo mọ̀?" ló bi í.

Láti ọdún mẹ́sàn-án, "ẹ" ló ń pè é. Ọkùnrin náà gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀, kò sì bá a jà sí i.

"Ọjọ́ tá a gbé òkú ẹ̀gbọ́n mi jáde. Èmi ni mo ra oògùn náà fún un. Ẹni tó tà á sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀. Mo gbàgbé láti sọ. Mo ní kó fi sáàárín àgbàdo, kó ti ilẹ̀kùn. Ó ti ilẹ̀kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ibẹ̀ ló tì í mọ́ ara rẹ̀ sí."

"Kí ló dé tó ò fi sọ?"

"Wọ́n á ní èmi ni mo pa á."

"O wá jẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo pa á."

Ọkùnrin náà ní òun kò lè jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́, pé bó bá ti gbé àwo síwájú òun, ẹ̀gbọ́n òun lórí àpò àgbàdo ni òun ń rí. Ó ní òun kò tilẹ̀ lè fọwọ́ kan agolo náà láti sọ ọ́ nù. Ó ń sunkún. Lọ́jọ́ mìíràn, Ahunagbọ̀n ì bá nu ojú rẹ̀ fún un.

"Lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n bá jókòó," ló wí, "ìwọ lo máa sọ ọ́. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í ṣe èmi. Ẹnu rẹ."

* * *

Ó sọ ọ́. Ó dúró sáàárín ẹbí, ó sọ ti oògùn, ó sọ ti ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìyàwó mi. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, mo sì jẹ́ kẹ́ ẹ máa sọ ọ́." Ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀ ní kí Ahunagbọ̀n darí jì wọ́n, pé ẹnu ló ṣì sọ. Obìnrin náà ní òun ti gbọ́. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kí i jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kí ọlọ́fọ̀, wọ́n sì lọ. Nídìí kànga lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin yà fún un kó kọ́kọ́ pọnmi. Ìgbà tó pọn tirẹ̀ tán ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn padà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyálé yọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó dúró lókèèrè díẹ̀, ó ń fọwọ́ nu ìró rẹ̀ tí kò dọ̀tí.

"Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún ẹ."

"Ẹ má sọ nǹkan kan, Ìyálé. Ẹ jókòó."

Ó sún lórí àpótí rẹ̀, àyè sì wà fún ẹni méjì. Ìyálé jókòó. Ilẹ̀ ń ṣú. Abẹ́ òrùlé yàrá àgbàdo dákẹ́, àdán kankan kò jáde. Ìyálé ń sunkún ọkọ rẹ̀, láìsí ibínú nínú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, Ahunagbọ̀n sì jẹ́ kí èjìká wọn kan ara wọn.

Ọkọ Ahunagbọ̀n gbọ́ ẹkún náà láti inú yàrá tí òun nìkan wà.

"Ta ló wà níbẹ̀?" ló béèrè.

Ó tún un béèrè. Àwọn obìnrin náà gbọ́ ọ, wọ́n sì jókòó síbi tí wọ́n wà.